Màlúù lórí Pápá Port Meadow
Ohun tí ó wù mí jù lọ ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ tí gbogbo ayé ń pọ́n lé, bí kò ṣe pápá Port Meadow tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ létí odò Thames, níbi tí màlúù àti ẹṣin ti ń jẹko fàlàlà. Ìwé Domesday ti ọdún 1086, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti ohun ìní tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe, ti sọ ọ́ pé àwọn ará ìlú ní pápá àjùmọ̀ní kan lẹ́yìn odi, tí ń mú ṣílè 6 àti pẹ́nsì 8 wọlé. Títí di òní, àwọn Freemen Oxford, ìyẹn àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ pàtàkì láti ayé àtijọ́, àti àwọn ará àdúgbò Wolvercote tí ó wà nítòsí ṣì ní ẹ̀tọ́ láti da ẹran síbẹ̀.

Nítorí pé a kò fi ohun ìtúlẹ̀ kan ilẹ̀ náà láti ayébáyé, àmì ibojì àti ibùgbé àwọn ará àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ koríko rẹ̀. Ewéko kékeré kan, creeping marshwort, tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń hù níbẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó máa ń fà, nítorí náà koríko gíga yóò bò ó mọ́lẹ̀ bí màlúù kò bá jẹ koríko náà kúrú. Ní ìgbà òtútù, omi odò a máa kún bo pápá. Bí ó bá fà tán, pátákò ẹran a tẹ ẹrẹ̀, a sì ṣí àyè sílẹ̀ fún ewéko kékeré náà láti hù.

Sheriff ìlú, olóyè ìgbìmọ̀ ìlú tí ń bójú tó pápá náà, a tún máa kó àwọn ẹran jọ láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá sì lẹ́tọ̀ọ́ yóò san owó ìtanràn kí ó tó gba ẹran rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, nítorí bí ẹran bá pọ̀ jù, koríko kò ní ráyè rú.