Ẹni tó bá wá bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa, kó padà wá sọ ohun tó rí

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Òṣogbo kò ní orúkọ pàtó lẹ́nu aráàlú. Àwọn ìyá Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ń pè mí ní "ìyá oníbéèrè". Tí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá fẹ́ ṣe ìwádìí láàárín ìlú, tí kò mọ ojúlé tó yẹ kó kàn, èmi ni wọ́n máa ń júwe fún un. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni mo kà, ọmọ aláró sì ni mí. Mo ti gbé ìwé ìbéèrè wọ ọjà Ìgbọ̀nà nínú oòrùn ọ̀sán, mo ti bá àwọn awalẹ̀pìtàn fọ àpáàdì, mo sì ti bá àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì dúró létí odò Ọ̀ṣun nígbà tí wọ́n ń bu omi sínú ìgò. Ohun tí gbogbo rẹ̀ fi yé mi ni mo fẹ́ sọ lónìí, mi ò sì ní fepo bọyọ̀: ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa, erùpẹ̀ ilẹ̀ wa tàbí omi odò wa lọ fún ìwádìí, ó jẹ wá ní èsì.

"Ẹ̀yin ará ibi ìwé tún ti dé." Báyìí ni ìyá aláró kan ṣe kí mi nígbà tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dé agbo ilé wọn. "Àwọn tó wá lọ́jọ́sí dà? Wọ́n láwọn ń bọ̀ wá sọ ohun táwọn rí. A ò tún gbúròó wọn mọ́." Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Èmi kọ́ ni mo mú àwọn tọ̀hún wá, ṣùgbọ́n ojú mi ni ìyá rí. Síbẹ̀ wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà jókòó, wọ́n ní kí wọ́n gbé omi fún wọn, wọ́n sì dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi wọ́n. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tó pọ̀ jù lọ lórí ìlú wa dúró lé, a kì í sì í kà nípa rẹ̀ nínú wọn.

Iṣẹ́ ìbéèrè kò rọrùn bí àwọn tó jókòó sínú ọ́fíìsì ṣe rò ó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ẹ bi ìyá àgbà pé ẹni ọdún mélòó ni wọ́n, wọ́n á ní, "Mo ti dàgbà, ọmọ mi." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí wọ́n bí wọn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń mú ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ṣe òṣùwọ̀n. Ṣé ẹ ti gbọ́njú nígbà tí a gba òmìnira ní 1960? Nígbà rògbòdìyàn "wẹ́tìẹ̀", 1965, ilé ta lẹ wà? Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ìyẹn oṣù Kẹrin 1972, ṣé ẹ ti wà nílé ọkọ? Nígbà tí pọ́n-ùn di náírà ní oṣù Kìíní 1973, kí lẹ̀ ń tà? Ojú ìyá á là. Wọ́n á rántí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, iye tí gárì jẹ́, aṣọ tí wọ́n wọ̀. Kó tó pẹ́, a ti mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, kì í sì í yẹ̀ ju ọdún kan tàbí méjì lọ.

Ti ọmọ tún le jùyẹn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé tó ní, "Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?" á gbọ́ "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n", á sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo lórí ìwé. Èmi á bèèrè àkọ́bí, á bèèrè ẹni tó tẹ̀lé e, á kí ìyá kú ọ̀fọ̀ èyí tó lọ, á bèèrè ibi tí àbíkẹ́yìn wà báyìí. Nígbà tí mo bá dé ìta ni mo tó ń ro ó pọ̀. Ọ̀rọ̀ owó náà nìyẹn: ẹ má bi obìnrin ní iye tó ń jẹ lórí ọjà rẹ̀ níṣojú ọkọ rẹ̀, tàbí níṣojú oníbàárà. Ohun tó bá sọ nígbà yẹn, ẹ kàn ń kó o jọ lásán ni. Àwọn àgbà kan kì í sì í fẹ́ tẹ̀ka sórí ìwé ìyọ̀ǹda. Bàbá kan sọ fún mi pé ìka tí wọ́n tẹ̀ ló ta ilẹ̀ ìdílé àwọn. Ṣé a lè bá wọn jà? A máa ń ka ìwé náà sókè, kí ọmọ wọn tó gbọ́ ìwé jókòó tì wọ́n, ká sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún wọn.

Mo sọ gbogbo èyí torí mo ti gbọ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ń sọ pé ẹ̀kọ́ àwùjọ kò ju kéèyàn máa bèèrè ọ̀rọ̀ kiri lọ. Wọn ò mọ̀ pé ohun tí à ń ṣe fún ìyá àgbà ni awalẹ̀pìtàn ń ṣe fún ilẹ̀. Ilẹ̀ náà kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Àgbàdo àti tábà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ wa kí ọkọ̀ òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀hún lẹ́yìn 1492. Nígbà tí àgbàdo dé, àwọn amọ̀kòkò wa bẹ̀rẹ̀ sí í yí kùùkù rẹ̀ lára ìkòkò tútù kó lè ní àrà. Bí awalẹ̀pìtàn bá rí àpáàdì tó ní ojú kùùkù àgbàdo lára, ó mọ̀ pé ìpele ilẹ̀ yẹn kò tíì tó ẹgbẹ̀ta ọdún. Ìkòkò tábà náà ń jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Tó bá wá rí èédú nínú ààrò àtijọ́, ó di ti yàrá àyẹ̀wò. Ohun tó bá wà láàyè ń gba carbon-14, irú èròjà carbon kan, sára. Tó bá ti kú, ti ara rẹ̀ á máa dín kù, ìdajì á ti lọ tó bá pé 5,730 ọdún; èyí tó kù ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe pẹ́ tó. Willard Libby àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1949, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1960.

Gbogbo ọmọ Òṣogbo ló mọ ìtàn Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ: bí wọ́n ṣe dé etí odò, bí igi tí wọ́n gé ṣe wó sínú omi, tí Ọ̀ṣun sì figbe ta pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Àwọn ìyá wa ń sọ fún wa pé inú igbó tó wà létí odò yẹn ni ìlú kọ́kọ́ wà kó tó ṣí wá síbi tó wà yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran walẹ̀ nínú Igbó Ọ̀ṣun, ohun tó rí níbẹ̀ sì fi hàn pé èèyàn tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sí ìkejìdínlógún. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, orí mi wú. Ẹnu ìyá mi àti àpáàdì ń sọ ohun kan náà!

Àpáàdì yìí kan náà ló bí mi nínú lọ́jọ́ kan. Níbi iṣẹ́ kan tí mo bá wọn ṣe, a tẹ́ ẹní, a ń fọ àpáàdì, a ń sá wọn sóòrùn. Ìyá amọ̀kòkò kan tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n yí i lọ́wọ́, wọ́n ní ìṣaasùn ni, kì í ṣe ìkòkò omi. Wọ́n fi ibi tí iná ti jó ìdí rẹ̀ hàn wá, wọ́n fi bí ọrùn rẹ̀ ṣe ṣí sílẹ̀ hàn wá, wọ́n ní ìkòkò omi kì í la ẹnu báyẹn. Gbogbo ìyẹn wọ inú ìwé ìwádìí náà pátá. Ìyá amọ̀kòkò wá di "aráàlú kan". Orúkọ wọn kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ìwádìí. Ìwádìí ló gbà wá lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ní baba ńlá wa ò lè dá nǹkan kan ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi sọ pé gíláàsì tí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀, òkèèrè ni wọ́n ti kó o wá. Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000 lọ àti ìdọ̀tí iṣẹ́ gíláàsì ọlọ́pọ̀ kílò, láti ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Kẹ́mísírì ló wá parí ẹjọ́: ohun tó para pọ̀ di gíláàsì náà yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá, ó yàtọ̀ sí ti Yúróòpù. Ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti se é. Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ní Ẹdẹ, ní yunifásítì Redeemer's, ni ibùdó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí ti tú àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò kòrónà ní oṣù Kẹta 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Mélòó nínú àwọn ọlọ́kadà tó ń gbéni láti Òṣogbo lọ sí Ẹdẹ ló mọ̀? Ó ń dùn mí pé wọn ò mọ̀.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti odò. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní Ìtagúnmodì, Ìpẹ́rìndó àti agbègbè wọn. Àwọn tó ń fọ erùpẹ̀ góòlù ń da omi ẹrẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké, ohun tó sì délẹ̀ wa ni omi tó pọ́n bí amọ̀. Igbó Ọ̀ṣun yìí, tí àjọ UNESCO fi sára ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger ará Austria, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ dáàbò bò títí ó fi kú ní 2009, igi rẹ̀ ṣì dúró, ọ̀bọ rẹ̀ ṣì ń fò kiri, odò tó jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀ ni àìsàn ń ṣe. Lóṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹgbàágbèje èèyàn ń fi kẹ́ẹ̀gì bu omi yẹn lọ sílé láti mu.

Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi odò náà ṣan ìgò dáadáa kí wọ́n tó bù ú. Wọ́n á kán ásíìdì díẹ̀ sí i kí òjé àti àwọn irin mìíràn má bàa lẹ̀ mọ́ ara ìgò, wọ́n á tì í bọ inú yìnyín, ó di yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n ń wá òjé, wọ́n ń wá mẹ́kúrì tí àwọn awakùsà fi ń mú góòlù, wọ́n ń wá ásẹ́níìkì tó jẹ́ májèlé. Àjọ ìlera àgbáyé ní òjé inú omi mímu kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà kan, torí òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ohun tó yẹ kí gbogbo ìyá gbọ́ nìyí: síse kì í lé òjé kúrò nínú omi. Omi ló ń fẹ́ lọ, òjé á kù sínú ìkòkò. Bí ẹ gbé e kalẹ̀ kó tòrò, bí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ ẹ, omi tó mọ́ lójú kò túmọ̀ sí pé òjé kò sí níbẹ̀.

Nǹkan wọ̀nyí wà nínú ìwé tipẹ́tipẹ́ kí ìyá kankan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tó gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá pè mí sí iṣẹ́ báyìí pé ọjọ́ wo lẹ máa padà wá, ta lẹ sì máa sọ ọ́ fún, ní èdè wo? Àwọn kan kò pè mí mọ́ nítorí ìyẹn. Kò burú.

Olùkọ́ kan gbà. Ó kó èsì omi rẹ̀ wá sí agbo ilé, ó fi Yorùbá là á sílẹ̀ fún wọn, àwọn ìyá sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá alágbo kan bi í pé, ibo lẹ ti bu omi? Ó ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ìyá ní, "Dókítà, kò sẹ́ni tó ń pọn omi níbẹ̀ o." Òmíràn ní ṣebí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wá, ìgbà òjò ni ẹrẹ̀ ń ya wọlé, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú odò. Olùkọ́ mú bírò, ó kọ gbogbo rẹ̀. Òjò ọdún yìí, wọ́n máa tún un bù, àwọn ìyá ló sì máa fi ibi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n hàn wọ́n.

Tí ẹ bá ti ṣe ìwádìí kan rí ní Òṣogbo, tí ìwé rẹ̀ wà nínú àpótí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Tí àyè kò bá gbà yín láti wá, èmi á kà á fún wọn, mà á sì kọ ìbéèrè tí wọ́n bá bi mí ránṣẹ́ padà sí yín.