Ẹ má fi súṣì nìkan mọ Jàpáànì: ẹja yíyan ní Kushiro

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń múra àtilọ Jàpáànì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá izakaya kan, ìyẹn ilé ọtí tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, tó sún mọ́ èbúté, kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ mutí díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ ẹja. Èmi ò tíì rí ibòmíì tí wọ́n ti mọyì ẹja tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Kushiro ni tèmi. Apá ìlà oòrùn Hokkaido, erékùṣù ńlá tó wà lápá àríwá Jàpáànì, ló wà, ìlú apẹja ni, omi tútù tó ń ṣàn bọ̀ láti àríwá tí wọ́n ń pè ní Oyashio ló ń bọ́ ẹja ibẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ́ràá. Robata, ìyẹn kí wọ́n máa yan ẹja lórí èédú níwájú àwọn oníbàárà, ni wọ́n fi mọ ìlú náà. Ìlú Sendai ló ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ bi ará Kushiro, wọ́n á ní tàwọn ni. Ààrò èédú á wà láàárín, kántà á yí i ká, màmá àgbàlagbà kan ló jókòó tì í nígbà tá a lọ, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, iná yẹn ló ń wò ṣáá, tó bá ti tó yí ẹja pa dà á yí i, kò ní kánjú, kò sì ní jẹ́ kó jó.

Tẹ́ ẹ bá wọlé gbogbo wọn á kígbe "Irasshaimase!", ìyẹn "Ẹ káàbọ̀!", wọ́n á fún yín ní táwẹ́lì tútù tàbí gbígbóná kẹ́ ẹ fi nuwọ́, wọ́n á wá gbé oúnjẹ inú abọ́ kékeré kan wá tẹ́ ẹ ò bèèrè. Otoshi nìyẹn. Ẹ má bá wọn jà, bí owó ìjókòó ló rí, ó sábà máa ń wà láàárín 300 sí 500 yẹ́ẹ̀nì, wọn ò sì ń gba owó dáṣì kankan lọ́wọ́ yín.

Ẹja tí wọ́n ń pè ní hokke ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n yan. Wọ́n ti là á, wọ́n ti fi iyọ̀ sí i, wọ́n ti sá a díẹ̀ kó tó dórí iná, ó tán, kò sí ata, kò sí àlùbọ́sà, kò sí Maggi! Mo mọ̀ pé ẹni tó dàgbà sídìí ẹja sísun àti ata gígún á máa rò ó pé kí ló fẹ́ dùn níbẹ̀, àmọ́ awọ ẹ̀ á máa ró lẹ́nu, ẹran ẹ̀ á funfun, ọ̀rá á máa kán sórí èédú, daikon, irú rádíìṣì funfun ńlá kan, tí wọ́n rin á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ kán sóyà sọ́ọ̀sì díẹ̀ sí i. Ẹja tó bá tuntun tó yẹn, ata á kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ jẹ ọ́ísítà Akkeshi náà, ìlú yẹn ò jìnnà, àti hotate, ẹran òkun oníkarahun kan, tí wọ́n fi bọ́tà sí nínú ìkarahun ẹ̀. Ẹ máa bèèrè é díẹ̀díẹ̀, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan. Kinki, ẹja pupa yẹn, owó gidi ni, tẹ́ ẹ bá rí 時価 níbi tó yẹ kí iye wà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè, torí owó ọjà ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa gbà.

Ìgbà ẹja tí wọ́n ń pè ní sanma ni oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ṣùgbọ́n ó ti dín kù gan-an lókun láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, owó ẹ̀ sì ti gun òkè. Ó dùn mí, torí ẹja mẹ̀kúnnù ni tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá a lórí iná, ẹ jẹ ẹ́.