Ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn jókòó ná

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìlera àwùjọ, mo rí yín ní Bódìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláta kan lórí ìdúró, ó ń ka owó, ẹ tún ń bi í pé ọmọ mélòó ló bí. Inú mi ò dùn rárá.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ kí ìyálọ́jà kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ jáde. Èyí ẹ ti mọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì: ìjókòó. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní déédéé àyà, ẹnu dídákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ ná. Lẹ́ẹ̀mejì lẹ ó wọ̀n ọ́n, ó kéré tán.

Nígbà tí èmi náà ń tẹ̀lé ọ̀gá kiri, Ọjà'ba la lọ. Ọ̀gá wa ń lé iye èèyàn bí ẹni ń gba owó orí, kí inú olówó ìwádìí lè dùn. Àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ru ẹrù dé láti Bẹẹrẹ ò tíì mí délẹ̀ tí a fi wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá. Aṣọ ọ̀hún kéré, kò ká apá wọn. Bẹ́ẹ̀ èyí tó bá kéré a máa mú kí ìfúnpá ga ju bó ṣe wà lọ. Ìyá aláṣọ òkè kan: 152/94. Mo ní kó jókòó sórí àpótí. Nígbà tó sinmi, ó di 134/82. Mo fi han ọ̀gá. Ó ní, "Èyí àkọ́kọ́ ni kó o kọ. Èrò ń dúró."

Ẹni tó ń bá wa ṣe ìṣirò da gbogbo iṣẹ́ ọjà yẹn nù. Nígbà tí ìpàdé dé, ọ̀gá yìí kan náà ní àwa la ò gbọ́ àṣẹ! Ó ṣì ń dùn mí. Àwọn ìyá tí a lé lọ sílé ìwòsàn lásán pa ọjà tì, wọ́n náwó ọkọ̀. Nígbà tí a padà lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ na apá sí wa mọ́, títí kan àwọn tí tiwọn ga ju ààlà 140/90 lóòótọ́, tí rọpárọsẹ̀ ń ṣọ́.

Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn n'Ìbàdàn níbí, wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá ti ṣe tibí ní jákujàku, kí ni wọn ì bá fi wé tọ̀hún?

Aṣọ ẹ̀rọ ńlá méjì wà ní ọ́fíìsì mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Gbági lọ́jọ́ Ajé, ẹ wá mú un. Ẹ gbé àga dání pẹ̀lú, wọn ò ní yá yín lọ́jà.