Owú àti Adú: bí mo ṣe ń fi ìró bíírò kọ́ ehoro méjì nílé wa ní Bárígà

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní

Èékánná ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ gé èékánná Owú, ehoro wa funfun. Mo lé e yí pálọ̀ po, mo rá a mú lábẹ́ àga, mo gbé e mọ́ àyà. Ó ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó ya mí lápá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kọ́ ló dùn mí. Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá ló dẹ́rù bà mí: ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro lágbára ju egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, bí èèyàn ò bá dì í mú dáadáa tó sì ta ẹsẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá na ọwọ́ báyìí, Owú ti wà lẹ́yìn fíríìjì.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí òun àti Adú máa fẹsẹ̀ ara wọn wọ apẹ̀rẹ̀ oníke tí mo fi ń gbé wọn jáde, kí wọ́n sì jẹ́ kí n di ẹsẹ̀ wọn mú láìsí ìjà.

Ọ̀nà tí mo ń tọ̀ ti wà tipẹ́. Keller àti Marian Breland, tọkọtaya tó bá B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìṣesí, ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti ń fi kọ́ ajá, adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ láti bí ọdún 1940 sí 1950. Lẹ́yìn wọn ni Karen Pryor fi fèrè kọ́ dọ́fíìnì ní Hawaii. Ta ni yóò so okùn mọ́ ẹran inú òkun lọ́rùn? Ìró kékeré kan ló wà nídìí rẹ̀. Ìró náà ń sọ fún ẹran pé ohun tó ṣe ní ìṣẹ́jú yìí gan-an ni oúnjẹ tó ń bọ̀ wà fún.

N kò rí kílíkà, ohun kékeré tí a ń tẹ̀ kó lè dún, rà, mo bá kọ́kọ́ lo ìdérí ìgò jáàmù tó máa ń ta kò bí a bá tẹ ìdí rẹ̀. Àṣìṣe ńlá. Adú fẹsẹ̀ gbálẹ̀ gbì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ kéde ewu, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Etí ehoro kì í ṣe etí tiwa. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, bíírò ò wọ́n mi, mo bá mú ọ̀kan tí a ń tẹ̀ nídìí, mo fi í sínú àpò kí ìró rẹ̀ lè rọlẹ̀ sí i. Èyí wọ̀ wọ́n létí. Bíírò dún, kárọ́ọ̀tì. Bíírò dún, kárọ́ọ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, ó tán. Ní ọjọ́ kẹrin, bó bá ti dún ni Owú ń gbé orí sókè.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Owú kì í rí kárọ́ọ̀tì tí mo bá gbé sí i nímú. Ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń wá a kiri, mo sì ń rò pé oúnjẹ ni kò wù ú. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ehoro wà. Ó ń rí ẹ̀yìn, ó ń rí òkè níbi tí àṣá ti ń bọ̀, àmọ́ ibi tó wà níwájú imú rẹ̀ gan-an kò hàn sí i. Ètè àti irun gígùn ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń tọ́ ibẹ̀ wò. Mo ń gbé e wá láti ẹ̀gbẹ́ báyìí, nílẹ̀, ó sì ń gbà á kíá.

Mo ti dín kárọ́ọ̀tì kù. Ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ fún ikùn tí koríko yẹ kó kún, ehoro ò sì lè bì. Ìdajì hóró ẹ̀wà ni mo ń gé e sí. Nígbà mìíràn, hóró fíìdì wọn ni mo ń lò, èyí tí mo ti yọ lára oúnjẹ ọjọ́ náà. Ewé tútù díẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, Adú fẹ́ràn rẹ̀ ju kárọ́ọ̀tì lọ.

Ìyá onílé gòkè wá gba owó omi, ó rí wa nílẹ̀. “Ìgbà wo lẹ máa wá pa wọ́n, kí n tètè ra èlò ọbẹ̀?” Mo ní a ò ní pa wọ́n, mà. Ó wò mí. Mo tẹ bíírò, Owú sáré wá. Ìyá onílé jókòó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Mo wé àjákù àdìrẹ mọ́ orí ṣíbí onígi, kí wọ́n lè máa tẹ̀ lé e. Àdìrẹ ni mo yàn nítorí pé ojú ehoro mọ àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé ju pupa lọ. Bí imú bá kan aṣọ, bíírò á dún. Owú gbọ́ ọ láàárín ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ohun gbogbo dojú rú. Kò wo ṣíbí mọ́. Ó kàn ń dúró, ó ń wò mí ṣùn-ùn. Ọjọ́ márùn-ún gbáko! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ṣíbí náà padà sí kíṣìnì.

Ọmọ mi obìnrin ló fi fóònù ká wa sílẹ̀, ó sì dẹ fídíò náà kó máa lọ díẹ̀díẹ̀. “Dádì, ọwọ́ yín ló ń wò.” Lóòótọ́. Kí bíírò tó dún, ọwọ́ mi kejì ti ń lọ síbi abọ́ kárọ́ọ̀tì. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Owú mọ̀. Ìró bíírò ti di òfo lójú rẹ̀, torí ọwọ́ ti sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú. Ọwọ́ yìí kan náà tó ń lé e kiri lóṣù tó kọjá, òun ló ṣì ń ṣọ́.

Mo jókòó lé ọwọ́ náà. Mo jókòó lé e gan-an, lábẹ́ itan. Imú kan aṣọ, bíírò dún, mo ka ení, kí n tó fa ọwọ́ yọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Owú tẹ̀ lé ṣíbí láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì dé ìdí àga, ó fò sókè, ó yí ara po lófuurufú kó tó balẹ̀. Ehoro tí inú rẹ̀ bá dùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́, Adú á sì le gbagidi. Mo ti gbé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sí ìdájí, kí kọ́ńdọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò. Ara ehoro máa ń yá nígbà náà. Ọ̀sán kò sí: ooru mú, ehoro kì í làágùn bíi tiwa, ìgò omi dídì tí mo wé láṣọ ni wọ́n ń sùn tì.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Apẹ̀rẹ̀. Mo yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò, mo tẹ́ koríko sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wíwo apẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo sanwó fún. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ iwájú kan, lẹ́yìn náà méjì. Owú wọlé pátápátá ní ọjọ́ kẹta. Mo dá ilẹ̀kùn padà, mo tì í, mo ka mẹ́ta, mo ṣí i. Ó ti di mẹ́wàá báyìí, ó sì ń jẹ koríko lọ bí ẹni pé ilẹ̀kùn ò sí.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Mo kọ́kọ́ fi ìka kan èjìká, bíírò. Mo kan ẹsẹ̀, bíírò. Mo di ẹsẹ̀ mú díẹ̀, bíírò. Bó bá fa ẹsẹ̀, mo ń fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. N kò fẹ́ kó rò pé àfi kó jà kí n tó gbọ́. Adú ṣì wà níbi èjìká, kò sì sẹ́ni tó ń lé e.

Ní àárọ̀ òní, nílẹ̀, láìgbé e sókè, mo gé èékánná Owú kan, ọ̀kan ṣoṣo, ní ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún. Ó rọra ń lọ eyín rẹ̀ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ara bá tù wọ́n. Márùn-ún márùn-ún ló wà ní ẹsẹ̀ iwájú, mẹ́rin mẹ́rin lẹ́yìn. Ó ku mẹ́tàdínlógún.