Nọ́ńbà tó pa àbúrò mi lẹ́kún

Aago 12 òru ku díẹ̀ nígbà tí àbúrò mi pè mí láti Iléṣà. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. “Àǹtí, èsì tuntun ti dé. CK-MB Bàbá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ọkàn yẹn, ti di ìlọ́po márùn-ún! Wọ́n mà ti fún wọn lóògùn o. Kàkà kó wálẹ̀, ńṣe ló ń gòkè.”

Bí Bàbá ṣe ti ọjà Atákúmọ̀sà dé ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn, tí òógùn tútù bò wọ́n.

Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe jẹun ní Ifẹ̀ níbí, nítorí náà mi ò bá a sunkún. Mo bi í pé aago mélòó ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní aago 9 alẹ́, kí wọ́n tó so dríìpù streptokinase, oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìkejì ńkọ́? Aago 10:30. Mo ní, “Dákẹ́. Ìròyìn ayọ̀ lò ń sunkún lé lórí yẹn.”

Inú ẹran ọkàn ni CK-MB, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń wọ̀n yìí, ń gbé. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí òpó tó ń bọ́ ọkàn, apá tí ẹ̀jẹ̀ ò dé á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ á sì máa jò díẹ̀díẹ̀. Bí òpó náà ò bá ṣí, ó lè tó wákàtí 24 kó tó dé góńgó. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, á gbá gbogbo ohun tó ti kóra jọ síbẹ̀ jáde, góńgó á sì dé ní nǹkan bíi wákàtí 12. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa lọ́jọ́ òjò àkọ́rọ̀ ni mo fi ṣàpèjúwe fún un: ọjọ́ tí omi bá ráyè kọjá gan-an la máa ń rí ìdọ̀tí jù.

Nọ́ńbà tí kò ní aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sọ nǹkan kan. (Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi sí fọ́ọ̀mù tí wọn ò kọ aago sí!) Àwọn èròjà ẹran ọkàn míì tún wà tí a máa ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀: myoglobin tún yára ju CK-MB lọ. Troponin ní tirẹ̀ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kì í tilẹ̀ ṣe ẹ́ńsáìmù, àwa la kàn ń kó gbogbo wọn pọ̀ pè bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò gbára lé ẹ̀jẹ̀ nìkan. Òpó ńlá lè ṣí kí àwọn tín-ín-tìn-ìn-tín ṣì dí. Mo ní kó bi dókítà nípa ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí bébà. Ìlà ST, apá kan lára àwòrán náà tó gbé sókè nígbà tí òpó dí, ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Àmì rere nìyẹn. Àyà ńkọ́? “Wọ́n ní ó ti dẹ̀. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń bèèrè.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nọ́ńbà ti ń wálẹ̀. Mo dé Iléṣà, mo bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń bá nọ́ọ̀sì fa ọ̀rọ̀: ìgo ẹ̀jẹ̀ mélòó ni wọ́n ti fà, ìgbà wo ni wọn ó dá a padà? Ọmọ òṣómàáló kúkú ni wọ́n. Wọ́n ti kọ aago ìgo kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn páálí oògùn.