Ta ló máa mú èmi náà sọ́dọ̀?

Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì wa lánàá, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 18 la kà. Àpólò, Júù kan tó ń wàásù nípa Jésù, mọ ọ̀rọ̀ sọ, àmọ́ ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Pìrìsílà àti Àkúílà, tọkọtaya Kristẹni kan, ò já a nírọ́ láàárín sínágọ́gù, ilé ìjọsìn àwọn Júù. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un yékéyéké.

Ni arákùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù bá nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa mú èmi náà sọ́dọ̀?"

Kẹ́kẹ́ pa. Àwa tá a máa ń ka ẹsẹ Bíbélì lórí bí ẹni mumi o!

Màmá àgbà kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló tún awò ojú wọn ṣe: "Ọmọ mi, máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìwé Máàkù la ó ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n bá yíjú sí mi: "Ìwọ náà, máa bọ̀."