Gàrí tí mò ń tà, mi ò lè mu ún mọ́

Gàrí Ìjẹ̀bú ni mò ń tà lọ́jà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Gàrí yìí náà ló dá mi wó lẹ́yìn tí wọ́n yọ gbogbo àpò oúnjẹ inú mi nítorí jẹjẹrẹ. Kì í ṣe abẹ o. Ti abẹ, mo sùn, mo jí. Abọ́ gàrí tútù kan pẹ̀lú ṣúgà, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí mo délé, ló jẹ́ kí n máa dágbére fáwọn ọmọ mi.

Èmi náà ni mo kọ́kọ́ ṣe é ṣì. Ó tó ọdún méjì tí inú fi ń ta mí lábẹ́ igbá àyà. Orúkọ tí gbogbo wa ń pè é ni mo pè é: ọgbẹ́ inú. Mo ń ra omeprazole ní kẹ́míìsì, á rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún padà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni dókítà tó sọ fún mi pé oògùn yẹn lè bo jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀, torí pé ó ń pa ìrora lẹ́nu mọ́. Oúnjẹ díẹ̀ ti ń yó mi, aṣọ ń ṣò lára mi, ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà, mo ní ẹ̀fọ́ tí mo jẹ ni. Tẹ́ ẹ bá rí irú èyí, ẹ fi kẹ́míìsì sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ẹnu yín wọ inú, kí wọ́n sì já díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kò dùn rárá, ó ń múni bì, àmọ́ kì í pẹ́.

Wọ́n bá kòkòrò Helicobacter pylori nínú mi. Òun ló sábà máa ń fa ọgbẹ́ inú, tó bá sì pẹ́ lára àwọn kan, ó lè di jẹjẹrẹ. Oògùn ń pa á. Mo ti kó gbogbo àwọn ọmọ mi lọ fún àyẹ̀wò rẹ̀.

Kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, abẹ tẹ̀ lé e, kẹ́mò tún tẹ̀ lé abẹ. Mo ní kí dókítà ṣírò rẹ̀ fún mi bí ọlọ́jà. Ó ní nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2006, bí èèyàn 23 nínú 100 tí wọ́n ṣe abẹ nìkan fún ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Àwọn tó gba kẹ́mò níwájú àti lẹ́yìn abẹ, bí 36. Ó ní oògùn ìsinsìnyí tún sàn ju ti ìgbà náà lọ. Èrè 13 lórí 100. Mo ti ra ọjà lórí èrè tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alẹ́ tó ṣáájú abẹ, ọmọ mi ọkùnrin ka á fún mi lórí fóònù pé ní Vienna, lọ́dún 1881, Theodor Billroth gé apá kan àpò oúnjẹ obìnrin kan, obìnrin náà sì yè é. Mo ní, “Ó wá pẹ́ láyé?” Ó dákẹ́. Bí oṣù mẹ́rin. Mo lé e jáde.

Wọ́n so ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́ ìfun. Ojú ibi tí wọ́n rán pọ̀ yẹn ni wọ́n ń bẹ̀rù kó má jò. Torí náà, bí nọ́ọ̀sì bá ní kẹ́ ẹ má tíì fomi kan ẹnu, ẹ má gbà fún ẹbí tó fẹ́ ṣàánú yín.

Ọ̀rọ̀ gàrí wá kù. Èèyàn tí kò ní àpò oúnjẹ mọ́ kò ní ibi tí oúnjẹ á ti dúró dìgbà. Ṣúgà àti omi já sínú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, ìfun tún ń fa omi ara mọ́ra. Kò tó ìdajì wákàtí, àyà mi ń lù kìkì, òógùn bò mí, inú ń rú, ojú ń ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mò ń jẹun lójúmọ́ báyìí, díẹ̀díẹ̀: ẹja, ẹyin, ìkọ́kọrẹ́ síbí mélòó kan. Omi kì í bá oúnjẹ wọlé. Mo máa ń fi bí ìdajì wákàtí sí àárín wọn.

Àbẹ́rẹ́ fítámì B12 ń bẹ títí ayé, torí àpò yẹn ló ń jẹ́ kí ara rí i gbà látinú oúnjẹ. Èyí tó wà nípamọ́ lára lè pẹ́ kó tó tán, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú tipiri.

Ojúde Ọba tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ni télọ̀ gba aṣọ ẹgbẹ́ wa sínú kó tó bá mi mu. Nílé àsè, ìyàwó àbúrò ọkọ mi gbé àwo ìrẹsì ńlá síwájú mi. “Ìyá Tóyìn, àbí ọbẹ̀ wa ò dùn ni?” Ojú tì mí, mo jẹ ẹ́. Mo sanwó rẹ̀ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Abọ́ tèmi ni mò ń gbé lọ sóde báyìí, kí wọ́n pè mí ní ahun.

Oníbàárà ṣì ń bi mí pé, “Ìyá Tóyìn, ṣé ó kan dáadáa?” Mo máa ń fìka bu bíńtín sórí ahọ́n, màá jẹ ẹ́ títí yóò fi yọ́. Ó kan.